Ọdẹ́wùmí ní Ìlú Ẹ̀jẹ̀

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó máa lọ sílé. Kó tó délé, á ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ."

Bí Ọdẹ́wùmí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Kì í ki ara rẹ̀, kì í sì í ki ẹlòmíràn. Ó ní oríkì gígùn ni àwọn ọdẹ tí kò rí ẹran pa fi ń bo ojú. Ó ti darúgbó lásìkò tí à ń wí yìí. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ṣì fara ti ògiri, kò sì sí ọmọ àdúgbò tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Abẹ́ igi ọdán iwájú ilé rẹ̀ ní Ẹfọ̀nyẹ ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí lọ́sàn-án láti ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ yìí, Múfú bíríkìlà wà láàrin wọn. Òjò ti ba búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́, kò ríṣẹ́ ṣe, ó wá jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ nínú ẹ̀gúsí tí kò bá wọn ṣẹ́.

"Ìyá Ọdẹ," ó ní, "ìlú tí ẹ lọ tí kò sí nínú máàpù yẹn, ẹ ò ní sọ ọ́ fún wa lónìí?"

"Máàpù," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Ògiri tí o mọ fún Alájà tó wó lé ewúrẹ́ lórí, ṣé ó wà nínú máàpù?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìdòwú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, obìnrin sísanra kan tó jókòó kọjú sí Ọdẹ́wùmí, tí àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn náà tó bó ṣe yẹ kó gbọ́ ọ. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ọdẹ́wùmí nìkan ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí. Bàbá náà wò yíká, kò rí ọkùnrin tí yóò gbé ìbọn lé lọ́wọ́, ó gbé e lé obìnrin lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ kùn. Ó ní kí ẹni tó bá ń kùn jáde wá bá ọmọ òun yìnbọn, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tí àrùn tí ìtàn yìí dá lé fi wọ ìlú, Ọdẹ́wùmí ti pa ẹfọ̀n, ó ti pa àmọ̀tẹ́kùn, òun náà sì ni olórí iná-ìgbẹ́.

Iṣẹ́ olórí iná-ìgbẹ́ kò kéré. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí àwọn ọdẹ Ẹfọ̀nyẹ bá fẹ́ finá sí ìgbẹ́ láti lé ẹran jáde, wọn kì í kàn ṣáná. Olórí á kọ́kọ́ to èèyàn. Àwọn kan á mú ògùṣọ̀, àwọn ni yóò tanná. Àwọn kan á mú ẹ̀ka ewé tútù, àwọn ni yóò lu iná pa níbi tó bá ti fẹ́ ré kọjá ààlà. Olórí á ní kí olóògùṣọ̀ kọ̀ọ̀kan fa eléwé kan lọ́wọ́. Olóògùṣọ̀ tí kò bá rí eléwé fà, wọn á gba ògùṣọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, ìgbẹ́ nìkan kọ́ ni yóò jó. Abúlé á jó mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Ọdẹ́wùmí ti ń to èèyàn, koríko ẹ̀yìnkùlé ẹnì kankan kò jó rí.

Ó dáa. Àrùn wọ ìlú. Ó ń gba imú wọlé, ó ń lọ jókòó sínú àyà, ó sì ń fún èémí mọ́ni nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un burú ju àrùn yòókù lọ ni pé kò ní ìlànà. Ẹnì kan á wúkọ́ títí àwọn ará ilé rẹ̀ á fi máa wá aṣọ òkú, lọ́jọ́ kẹta yóò dìde, yóò béèrè ẹ̀kọ. Ẹlòmíràn kò ní wúkọ́ ju bíńtín lọ. Yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò ní ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni, kí oòrùn tó wọ̀ wọn á ti máa gbẹ́lẹ̀ fún un.

Oògùn wà, kì í ṣe pé kò sí. Igi kan wà létí odò Ẹfọ̀nyẹ tí wọ́n ń pè ní Arọ́tutù. Omi ń kán lára rẹ̀, omi náà kì í sì í ju igbá kékeré kan lọ láti òwúrọ̀ kan dé òwúrọ̀ kejì. Ẹni tó bá mu ún, ooru inú rẹ̀ á rọ̀. Igbá kan, aláìsàn rẹpẹtẹ. Ta ni kí wọ́n fún?

Àwọn àgbà jókòó, wọ́n fi ẹnì kan jẹ Agbọ́kọ́. Láṣebìkan lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó lè gbọ́ ohùn eèrà lórí ewé gbígbẹ. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, á mú ọ̀pá rẹ̀, á máa rìn láti àdúgbò dé àdúgbò, á máa fetí sílẹ̀. Ilé tí ikọ́ bá ti ń mì tìtì jù lọ, ibẹ̀ ni igbá ń lọ. Gbogbo ìlú gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú lè ṣojúsàájú, ṣùgbọ́n etí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ọkọ Ọdẹ́wùmí ń jẹ́ Ṣówándé. Lọ́jọ́ tó kú, ó jẹ iyán, ó fi ikọ́ aládùúgbò wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó ń wúkọ́ bí ẹni tó ń kiri ikọ́ tà. Aládùúgbò yẹn ni wọ́n gbé igbá fún láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ètè Ṣówándé yí padà, ó jókòó ti ògiri, ó ń mí bí ẹja orí ilẹ̀, ó sì kú. Aládùúgbò náà sì rèé, omi tó mu kò ṣe é lóore. Ńṣe ni àìsàn rẹ̀ tún le sí i, ó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nà gbalaja kó tó bọ́.

Níbi òkú, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tó gún régé. Erin wó. Àjànàkú sùn bí òkè. Ọdẹ́wùmí fetí sí wọn títí, ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Erin ti sùn. Ta ló kàn?"

Ẹnì kan tún bẹ̀rẹ̀ láti orí erin.

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ké lẹ́yìn òkú," ó ní. "Ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń lọ mọ̀ nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rere lè yọ obì lápò. Kò lè yọ ikú láyà."

Ọjọ́ tí wọ́n sin Ṣówándé tán ni Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọmọ kan ṣoṣo tó ti inú Ọdẹ́wùmí jáde nìyẹn. Ọdẹ́wùmí wo ojú ọmọ náà. Ó wò ó bí ọdẹ ti í wo ipasẹ̀ ẹran, kò sì rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìyẹn ló bí i nínú. Ó gbé ìbọn, ó di orógbó sápò, ó ní òun á gba Igbó Ikọ́ kọjá lọ sí ibi tí àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́, òun á wo ọwọ́ tó fi ń pa èèyàn.

Láṣebìkan bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ọdẹ́wùmí, obìnrin kì í lọ sí Igbó Ikọ́ kó bọ̀."

"Ọkùnrin wo ló lọ tó bọ̀, Baba?"

Láṣebìkan ronú. "Kò sí."

"Ó dáa. Ẹ bá mi tọ́jú etí yín. Mo ń bọ̀ wá bá yín."

Igbó Ikọ́ kò ní ẹyẹ, kò ní ọ̀bọ. Igi ibẹ̀ ló ń wúkọ́. Ìrókò á wú hùú láti inú ìtí rẹ̀, ewé á gbọ̀n, àràbà á dá a lóhùn, ọ̀pẹ á gbè é. Ọ̀fun ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín. Bó bá wúkọ́ pẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ ilẹ̀, apá rẹ̀ á di ẹ̀ka. Ọdẹ́wùmí rí igi tó wọ fìlà. Ó rí igi tó gbé àpò ìwé sí èjìká. Ó ki orógbó bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́ ní kíkorò, ó ń gbé e mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì wúkọ́.

"Ẹyọ orógbó kan ló gbé yín la igbó já?" ni Múfú béèrè.

"Ìwọ ìbá ti di igi," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Igi tí kò ní ibòji."

Létí igbó náà ni iwin kan jókòó sí, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elétè-Oyin. Oyin gidi ló ń kán lẹ́nu rẹ̀, àwọn oyin sì fi ihò imú rẹ̀ ṣe ilé. Ó kí Ọdẹ́wùmí káàbọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó pè é ní ọmọ ẹkùn, ó pè é ní ìràwọ̀ owúrọ̀, ó pè é ní odò tí kì í gbẹ. Ó ní gbogbo orúkọ tí àrùn náà ń jẹ́ ló wà lọ́wọ́ òun, òun á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì gùn ju ejò òjòlá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ náà, ó ń dùn, ó ń dùn, ojú Ọdẹ́wùmí ti ń kún fún oorun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ oyin tó ti dà sílẹ̀, kó tó ṣí ojú.

"Nínú gbogbo orúkọ yìí," ó ní, "èwo ló ń sọ ẹni tí yóò kú?"

Elétè-Oyin la ẹnu, oyin fò jáde níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀. Ọdẹ́wùmí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó fi bàtà sílẹ̀ fún un, ó kọjá.

Báyìí ló ṣe dé ẹnubodè Ìlú Ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ pupa, ó sì ń ṣàn. Bí o bá dúró, òun á gbé ọ lọ. Oníbodè rẹ̀ ga bí òpó, ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì ní láti na ọwọ́ kó tó rí èèyàn. Àwọn èèyàn ti hu irùngbọ̀n dé ilẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń dáhùn àlọ́ kan ṣoṣo láti ọjọ́ pípẹ́.

Oníbodè na ọwọ́ sí Ọdẹ́wùmí. "Olè wọlé, kò fọwọ́ kan onílé. Ilé jó, onílé kú. Ta ló pa onílé?"

Ọ̀kan nínú àwọn onírùngbọ̀n ní, "Kádàrá ni." Òmíràn ní, "Òjìji ọ̀la ló ṣubú lé ojú àná." Oníbodè kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí wọn.

"N kò mọ̀," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Bí mo bá mọ̀, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Oníbodè pa ọwọ́ méjèèjì dé ara wọn. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń béèrè, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́. Wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jáde, wàá dáhùn. Bí o kò bá rí i dáhùn, wàá di òpó bíi tèmi."

Ilé tó wà ní ìlú náà kò lóǹkà, ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ara èèyàn kan láyé, ẹni tó ń rìn kiri tí kò mọ̀ pé òun nílé níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ wọn. Olórí Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ìyá arúgbó kan tí àpá bo gbogbo ara rẹ̀. Àrùn kọ̀ọ̀kan tó ti bá jà ló fi àpá kan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àrùn tó ti wá lẹ́ẹ̀kan kì í fi í tàn án jẹ lẹ́ẹ̀kejì. "Èéyi nìyí," ó fi igbá àyà hàn. "Ikọ́ àwúbì nìyí. Èyí tó ń pa yín báyìí, mi ò tíì ní àpá rẹ̀. Àlejò ni. Wá wo bó ṣe ń jà."

Ó mú Ọdẹ́wùmí dé iwájú ilé kan. Ariwo tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ògiri ń mì, èéfín ń tú jáde lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń gbá.

"Èyí máa wó," ni Ọdẹ́wùmí wí.

"Dúró ná."

Wọ́n dúró. Ariwo rọlẹ̀. Èéfín tán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú eruku lórí, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ilé sì dúró.

Wọ́n lọ sí iwájú ilé kejì. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdẹ́wùmí ní, "Ní ti èyí, àlàáfíà ni."

"Dúró ná."

Ó gbójú sókè, ó rí àwọn obìnrin kan tó dúró lórí òrùlé. Alárogbá ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti pe ẹ̀ṣọ́ bí olè bá wọlé, ohùn wọn sì tinrín débi pé ẹni tó wà lóde kò lè gbọ́. Wọ́n ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ olóògùṣọ̀. Olóògùṣọ̀ ń wọlé. Wọn kò dákẹ́, wọ́n tún ń pè. Olóògùṣọ̀ ń wọlé gìrọ́gìrọ́, wọ́n ń ti iná bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ àjà, inú àpótí, wọ́n ń wá olè. Ọdẹ́wùmí kò rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó títí ilé náà fi wó sínú ara rẹ̀, láìpariwo, bí ìgbà tí èèyàn jókòó. Olè náà jáde látinú eérú. Kò tóbi ju kòkòrò ojú iná lọ. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ń lọ. Ọdẹ́wùmí yìnbọn sí i.

"Ó bà á?" ni Múfú béèrè.

"Ọta ńlá, ẹran kékeré," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Má bi mí mọ́."

Olórí Ẹ̀ṣọ́ mú un dé ilé kẹta. Ilé yìí kò pariwo púpọ̀, kò sì dákẹ́ jù. Ó ní, "Sọ èyí fún mi kó tó rú èéfín. Yóò dúró ni tàbí yóò wó? Àwa fúnra wa kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti wọlé, kálukú ń jà ni. Bí o bá sọ ọ́, màá fún ọ ní ohun tí o wá wá. Bí o kò bá lè sọ ọ́, padà sílé lọ sọ̀rọ̀ níbi òkú."

Ọdẹ́wùmí rí i pé ẹ̀ṣọ́ oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan mú ògùṣọ̀, àwọn kan mú ewé tútù. Ó na ìka sí wọn láti kà wọ́n. Ó ní ọ̀kan, ẹni tó nàka sí ṣubú. Ó ní èjì, ìkejì ṣubú. Olórí Ẹ̀ṣọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ojú ti Ọdẹ́wùmí. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ìyá rẹ̀ fi pàṣán kọ́ ọ. Ó dúró níbẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, ó ronú sí Àwẹ̀ró tó ń sín nílé, ó bi ara rẹ̀ pé báwo lòun ṣe ń ṣe é ní Ẹfọ̀nyẹ tí koríko ẹnikẹ́ni kò fi jó. Òun kò ka ọdẹ rí. Ìyá wo ló máa gbà kóun ka ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ?

Ó gbé ohùn sókè, ohùn tó fi ń to èèyàn lójú ìgbẹ́. "Olóògùṣọ̀, fa eléwé rẹ lọ́wọ́."

Wọ́n fà wọ́n. Olóògùṣọ̀ kan, eléwé kan, wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Eléwé tán. Àwọn olóògùṣọ̀ tí kò rí ẹni fà ṣì kù, wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ọ̀nà pupa ti kọ kọ́rọ́, ojú kò sì rí ìparí wọn. Ọdẹ́wùmí wò wọ́n. Bí ilé Ṣówándé ti rí nìyẹn nígbà tó ń jẹ iyán.

"Ilé yìí máa jó," ó ní. "Kò tíì rú èéfín, ṣùgbọ́n ó máa jó. Ẹ da omi sí i báyìí."

Olórí Ẹ̀ṣọ́ ṣẹ́wọ́, wọ́n darí omi tútù sí ilé náà, àwọn alárogbá orí òrùlé gbé ẹnu dákẹ́, ògùṣọ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé dúró. Wọ́n lọ sí òmíràn, tó ń mì tìtì. Ọdẹ́wùmí ní kí wọ́n fa ara wọn lọ́wọ́. Olóògùṣọ̀ tán, eléwé ṣẹ́ kù. "Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá fẹ́ pariwo, kó máa pariwo."

"Bí a bá da omi sí èyí ńkọ́?" Olórí Ẹ̀ṣọ́ bi í bí ẹni tó ń dán an wò.

Ọdẹ́wùmí ronú kan aládùúgbò rẹ̀. "Ẹ̀ṣọ́ tó ń jà dáadáa lẹ máa da omi pa. Olè á wá jókòó."

Olórí Ẹ̀ṣọ́ kò yìn ín. Ó kàn bu ẹ̀kúnwọ́ ojú ológbò fún un, èso pupa kéékèèké tó ní ojú dúdú, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ó ní, "Kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú àwo funfun tó lómi, da èyí sí i. Bí ojú dúdú bá wà lókè, ewé ṣì di ògùṣọ̀ lọ́wọ́ mú. Bí pupa bá bo ojú omi, iná ń bọ̀, àní bí aláìsàn bá tilẹ̀ ń jó ijó."

Ní ẹnubodè, oníbodè na ọwọ́. "Ta ló pa onílé?"

"Ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ ni," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Wọ́n ń fi iná wá olè. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni."

Ó jáde. Àwọn onírùngbọ̀n ń bi ara wọn pé kí ló wí.

Nígbà tó padà dé ìta Ẹfọ̀nyẹ, ó ti ń gbọ́ ikọ́ Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ikọ́ kékeré. Ewúrẹ́ ti sá kúrò ní àgbàlá. Gbogbo Ẹfọ̀nyẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Láṣebìkan sì wà níwájú, ó gbé igbá Arọ́tutù lọ́wọ́.

"O bọ̀ lásìkò," ó ní. "N kò ṣe ojúsàájú. Mo rin gbogbo ìlú, ikọ́ ọmọ tìrẹ ló ga jù. Igbá òní, tiyín ni. Gbà."

Ọdẹ́wùmí na ọwọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó na ọwọ́. Igbá náà ti kan ìka rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ fún mi ní àwo funfun."

Ó fi ẹ̀gún gún àtàǹpàkò Àwẹ̀ró. Ẹ̀jẹ̀ kán, ojú ológbò yí nínú omi, wọ́n yí, wọ́n dúró. Dúdú. Gbogbo ojú dúdú ń wò ó. Àwẹ̀ró wúkọ́ débi tí omi inú àwo fi mì, dúdú kò yí padà.

"Kì í ṣe tirẹ̀," ni Ọdẹ́wùmí wí.

Àǹtí Ṣówándé pariwo mọ́ ọn. "Ṣé orí rẹ pé? O lọ fún ọjọ́ gbọọrọ, èso ọmọdé lo gbé bọ̀, o fẹ́ fi pa ọmọ?"

Ọdẹ́wùmí gbé àwo funfun náà. Ó lọ láti ilé dé ilé. Dúdú. Dúdú. Dúdú. Láṣebìkan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá, ó ń wí fún gbogbo èèyàn pé òun kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ọdẹ́wùmí wá ń gbọ́ bó ṣe ń wí. Ó ń dúró mí láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ọ̀pá tó máa ń fi tọ́ka, ó ti ń fi í gbé ara ró.

"Ọwọ́ yín, Baba."

"Tèmi? Èmi tí n kò wúkọ́ rárá?"

"Ejò kì í wúkọ́ kó tó ṣán ni. Ọwọ́ yín."

"Ọdẹ́wùmí, èmi ni Agbọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé mo ń ṣàìsàn, ṣé etí tèmi kò ní gbọ́ ọ?"

"Ẹ ti fetí sí gbogbo ilé tán, ẹ kò gbọ́ tiyín. Ọwọ́ yín, àbí kí n dì yín mọ́lẹ̀ lójú àwọn ọmọ yín?"

Ó na ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ kán. Kò sí ojú ológbò kan tó dúró dúdú. Ojú omi pọ́n bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i.

Láṣebìkan wo àwo náà. Ó wo igbá ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìhà ibi tí Àwẹ̀ró ti ń wúkọ́. Ó ní, "Ọmọ rẹ kan ṣoṣo nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Ẹ mu ún."

Ọdẹ́wùmí fúnra rẹ̀ gbé igbá náà sí i lẹ́nu. Láṣebìkan mu ún tán. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí ètè rẹ̀ fi yí padà bíi ti Ṣówándé, tó fi orúnkún kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń bú Ọdẹ́wùmí ló sáré dì í mú. Wọ́n gbé e wọlé. Omi náà ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú iná. Láṣebìkan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ní ta ló ń dín àkàrà ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò fi bu díẹ̀ wá fún òun.

Àwẹ̀ró náà wúkọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọdẹ́wùmí jókòó tì í, ìbọn lórí itan, kò sí ohun tí ìbọn lè ṣe. Kò fún un ní nǹkan kan ju omi gbígbóná àti orógbó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ikọ́ náà já sí ọ̀nà ọ̀fun, lọ́jọ́ kẹta Àwẹ̀ró béèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ó ní kí wọ́n má sun ún jù.

Láti ọjọ́ yẹn, Láṣebìkan so ọ̀pá rẹ̀ kọ́ àjà. Ọdẹ́wùmí ló ń fi àwo funfun sọ ibi tí igbá ń lọ, wọn kò sì sin ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ní Ẹfọ̀nyẹ. Ìlú fẹ́ fi í joyè. Wọ́n ní kó máa jẹ́ Aríná-Kó-Tó-Rú-Èéfín. Ó ní ó gùn jù.

"Ṣùgbọ́n ẹ kò gbàgbé rẹ̀, Ìyá Ọdẹ," ni Múfú wí.

"Ta ló ní kí n gbàgbé rẹ̀? Èmi ni mo ṣe é."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Múfú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Bí ojú ológbò bá ti ṣì í ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ gba omi lẹ́nu ọmọ yín."

Ọdẹ́wùmí kọjú sí i. "Kì í ṣe ojú ológbò ni mo gbà gbọ́," ó ní. "Mo ti dúró níbẹ̀. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe fa ara wọn lọ́wọ́, tí eléwé ṣẹ́ kù. Ẹni tó rí i kò gbọdọ̀ padà máa fi etí mọ ẹni tí yóò kú."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà gbé èjìká rẹ̀ sókè, ó mi àtẹ, ẹ̀gúsí fọ́n sílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Múfú ti dìde lórí òkúta rẹ̀.

Ọdẹ́wùmí kò gbé orí sókè. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí tó fọ́n sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "yí ẹnu sápá kan. O ń wúkọ́ sí ẹ̀gúsí."

Ìyá Ìdòwú yí ẹnu sápá kan, ó wúkọ́ tán, ó sì fa àtẹ rẹ̀ mọ́ra.